Nọ́ńbà ara èso kò sọ ohun tí ẹ ní ó sọ
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pín in kiri mọ́ pé èso tí nọ́ńbà orí sítíkà ara rẹ̀ bá fi 8 bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, pé èyí tó fi 4 bẹ̀rẹ̀ kún fún oògùn apakòkòrò. Ti 9 nìkan lẹ sọ tó tọ̀nà, pé ọ̀gáníìkì ni, ìyẹn èso tí wọ́n gbìn láìlo ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn àti ajílẹ̀ àtọwọ́dá: 4011 ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lásán, 94011 ni ti ọ̀gáníìkì. Ẹni tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ṣe nọ́ńbà yìí fún, kó lè mọ iye tí yóò gbà. Kò wọn oògùn kankan.

Ti 8 yẹn ló ká mi lára jù. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún èso aláyìípadà àbùdá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé orí igbá rí. Ní 2015, International Federation for Produce Standards, àjọ tó ń pín nọ́ńbà náà, fagi lé ìlò yẹn. Bẹ́ẹ̀, ìbẹ́pẹ aláyìípadà àbùdá láti Hawaii ti wà lọ́jà Amẹ́ríkà láti 1998! Ẹni tó bá ń fi 8 ṣọ́ ara rẹ̀ lè máa jẹ ẹ́ láìmọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ níbẹ̀, kó wá àkọlé ọ̀gáníìkì. Òfin ọ̀gáníìkì Amẹ́ríkà kò gba irúgbìn bẹ́ẹ̀ láyè.