Ṣé ó tọ́ kí wọ́n máa pín mílíìkì ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìyá Kòfo (Múṣin): Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mo gbé ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, obìnrin kan tó wọ aṣọ ilé iṣẹ́ mílíìkì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pín agolo kékeré fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń gba nọ́ńbà fóònù wa. Ọmọ mi ò tíì pé oṣù méjì. Ṣé ó tọ́?

Nọ́ọ̀sì Yábàá: Kò tọ́ rárá. Láti 1981 ni orílẹ̀-èdè 118 ti dìbò fún ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé pé kí wọ́n má pín in fún ìyá ọlọ́mọ. Amẹ́ríkà nìkan ló dìbò lòdì sí i. Nàìjíríà náà ṣe òfin tiwa ní 1990. Bí ọmọ bá ń mu agolo, ọyàn á máa gbẹ. Tí tọ̀fẹ́ bá wá tán ńkọ́?

Ará Ṣómólú: Ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbà á. Ta ló fún yín ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ rí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin tí ẹ ń bú mílíìkì, ẹ rọra o. Ọyàn mi ò tó ọmọ méjì. Mílíìkì ló gba Táíwò là.

Nọ́ọ̀sì Yábàá: Ẹnikẹ́ni ò bú mílíìkì, mà. Ìpolówó là ń sọ.

Alhaja Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ máa fún ọmọ lómi. Nínú ooru Èkó yìí, ṣé ẹ fẹ́ kí òùngbẹ pa á ni?

Nọ́ọ̀sì Yábàá: Alhaja, ẹ má bínú. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kì í mu omi. Omi ló pọ̀ jù nínú ọyàn. Èyí tí à ń rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n?

Alhaja Ìsàlẹ̀ Èkó: Mo bí mẹ́fà, gbogbo wọn mu omi, wọ́n mu àgbo. Àbíkẹ́yìn wọn ti di lọ́yà. Ìwọ, mélòó lo bí?

Nọ́ọ̀sì Yábàá: Ẹyọ kan, mà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru gbé wá bá mi ò lóǹkà.

Alhaja Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹyọ kan! Ó wá ń kọ́ ẹni tó bí mẹ́fà!

Ọmọ Lẹ́kkí: Alhaja, àgbo wo ni? Jẹ̀díjẹ̀dí ń dà mí láàmú.

Ará Ṣómólú: Mo ní Ọ̀FẸ́ ni!

Akọ̀wé Akọkà: Ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọyàn nìkan. Ọ̀sẹ̀ 12 ni ọ̀gá mi fún mi ní ìsinmi ìbímọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó ń gba oṣù mẹ́fà. Tí mo bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland, ta ni yóò fún ọmọ lọ́yàn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun! Ó gba Táíwò là, mo tún un sọ.

Nọ́ọ̀sì Yábàá: Àwọn ìyá tí owó ò tó lọ́wọ́ wọn ń pò ó kó ṣàn, kó lè pẹ́. Ọmọ á yó, kò ní sanra. Èyí ló ń dùn mí jù.

Alhaja Ìsàlẹ̀ Èkó: Kí ni wọ́n fi ń pò ó? Ṣebí omi náà ni! Omi tí o ní kò dáa!

Nọ́ọ̀sì Yábàá: Ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn, Alhaja!

Alhaja Ìsàlẹ̀ Èkó: Má pariwo mọ́ mi. Mo ju ìyá rẹ lọ.

Ìyá Kòfo (Múṣin): Agolo náà ṣì wà lórí tábìlì mi o. Kí n ṣí i ni àbí kí n má ṣí i?

Ọmọ Lẹ́kkí: Alhaja, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o.

Alhaja Ìsàlẹ̀ Èkó: Ọmọ mi, wá sí Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́ Sátidé. Gbé ìgò dání.