Kámẹ́rà Abuja: Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ti 2010 fún wa

Ìjọba tún ti gbé ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ààbò dé. Kámẹ́rà tuntun fún Abuja, drone tí yóò máa fò kiri, kọ̀ǹpútà tí yóò máa dá ojú ọ̀daràn mọ̀ láàárín èrò. A gbọ́. Ìbéèrè tí ìwé ìròyìn yìí ti ń bèèrè tipẹ́ náà la tún gbé wá: ta ló jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ fọ́jú?

Mílíọ̀nù 470 dọ́là ló wà nínú àdéhùn tí ìjọba bá iléeṣẹ́ ZTE ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe lọ́dún 2010, fún kámẹ́rà 2,000 ní Abuja àti Èkó. Báńkì Exim ilẹ̀ Ṣáínà la ti yá èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, bẹ́ẹ̀ gbèsè kì í fọ́jú ní tiẹ̀. Nígbà tí bọ́ǹbù dún ní gáréèjì Nyanya nítòsí Abuja ní oṣù kẹrin ọdún 2014, tó pa èèyàn tó lé ní 70, àdéhùn yìí ti pé ọdún mẹ́ta ààbọ̀.

Lópin ọdún 2020, wọ́n ní ká lọ so NIN mọ́ síìmù, pé àṣírí ajínigbé yóò tú. A tò sórí ìlà nínú oòrùn. Àwọn ajínigbé ṣì ń fi fóònù dúnàádúrà orí èèyàn.

Ohun tí a ti ń sọ kò ju 112 lọ, nọ́ńbà tí èèyàn ń pè nígbà pàjáwìrì. Ẹni tó kó sọ́wọ́ àwọn oní-"one chance" láti Berger l'Ábùjá, tí wọ́n ń gbé lọ nínú òkùnkùn, kò lè mọ̀ bóyá ọ̀nà Kubwa ni tàbí ti Lugbe. Fóònù òde òní lè fi ibi tí ẹni tó ń pè wà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2016 ni Google ti fi èyí sínú Android. Ṣé àwọn tó ń gbé ìpè 112 ń rí i? Bí wọ́n bá rí i, ọkọ̀ ọlọ́pàá wo ni wọ́n máa pè, ṣé epo wà nínú rẹ̀? Ẹ má sọ fún wa pé ìgbìmọ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbìmọ̀ ti sú wa!

Kí aṣòfin kankan tó fọwọ́ sí kọ́bọ̀, kí wọ́n gbé ìwádìí tí wọ́n ní àwọn ń ṣe lórí ti àkọ́kọ́ síta, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó buwọ́ lu àdéhùn náà. Kí mínísítà tí ọ̀rọ̀ kàn sọ ẹni tí yóò máa pààrọ̀ bátìrì àwọn tuntun yìí lọ́dún kẹta, àti ẹni tí yóò jókòó síwájú wọn ní aago méjì òru.