Irin orí mọ́tò nìkan kọ́ là ń wọ̀n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí irin orí mọ́tò bá ti lè gba kílò 75, ká di kayak (ọkọ̀ ojú omi kékeré tí a ń fi àjẹ̀ wà) méjì lé e, ká máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Òrùlé mọ́tò ní òdiwọ̀n tirẹ̀, ó wà nínú ìwé tó bá mọ́tò wá. Èyí tó kéré jù nínú méjèèjì là ń tẹ̀ lé. Ìwúwo irin náà gan-an sì wà nínú ìṣirò: bí òrùlé bá gba 50, tí irin wọn 6, kílò 44 ló kù. Kayak oníke méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn 25 ti kọjá a.

Ẹ tún ní ká fi bẹ́líìtì onírin tí wọ́n fi ń di ẹrù tírélà fún un pinpin. Ike mà ni kayak náà o! Oòrùn á mú un rọ̀, bẹ́líìtì á tẹ̀ ẹ́ wọnú. Bẹ́líìtì tí a ń fọwọ́ fà ti tó. Ẹ lọ́ bẹ́líìtì náà lẹ́ẹ̀kan kó má baà máa kùn bí oyin lójú ọ̀nà. Ẹ so imú àti ìdí kayak mọ́ mọ́tò pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún un fà. Tó bá jẹ́ etí òkun lẹ ti ń bọ̀, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan irin náà, kó má baà dógùn-ún.