Fọ́tò ilé tí ẹ fẹ́ tà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti ìsinsìnyí

"Igi tí mo rí nínú fọ́tò ńkọ́?"

Ohun tí ìyá kan kọ́kọ́ bi mí nìyẹn lóṣù Kẹjọ, bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò níwájú ilé bàbá wa tí a fẹ́ tà ní Gáà-Akànbí, n'Ílọrin. Òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ wá láti Òṣogbo, wọ́n gba Ìkìrun, wọ́n gba Ọ̀fà. Kò tíì wo géètì, kò tíì béèrè iye yàrá. Igi máńgòrò ló ń wá. Ó ní láti ọjọ́ tí ọmọ òun ti fi fọ́tò ilé náà han òun ni òun ti mọ ibi tí òun máa gbé àga sí.

Igi náà ò sí mọ́. Ìjì tó ṣáájú òjò lóṣù Kẹrin ló ṣẹ́ ẹ láàárín, ó sì wó lu fẹ́ńsì. A tún fẹ́ńsì mọ, a gé ìyókù igi dé ìdí, a kó ẹ̀ka dànù. A ò rántí pé fọ́tò tí éjẹ́ǹtì yà nínú ọyẹ́ oṣù Kìíní ṣì wà lórí fóònù àwọn èèyàn, tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì.

Mo kúnlẹ̀ bẹ ìyá náà. Ó ní kò burú. Ó wọlé, ó wo yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó mu omi. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ò yẹ lẹ́ni tí à ń fi fọ́tò oṣù méje sẹ́yìn gbé rìnrìn àjò.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ò ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ilé n'Ílọrin, ẹ̀yin ará Ọ̀fà títí dé Òmù-Àrán, mo bẹ̀ yín: tí ohun kan bá yí padà lára ilé náà, ẹ ya fọ́tò mìíràn. Ẹ má jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ojú ọjọ́ tiwa níbí pàápàá kì í jẹ́ kí ilé dúró sójú kan. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, eruku ọyẹ́ á bo páànù àti ewé, ojú sánmà á rí ràkọ̀ràkọ̀, ilé tuntun á dà bí èyí tí wọ́n pa tì. Tí òjò bá dé, ẹrẹ̀ pupa á ta sí ìdí ògiri, koríko á gba àgbàlá. Ẹni tó bá rí fọ́tò ọyẹ́ lóṣù Kẹsàn-án á mọ̀. Ojú àwọn tó ń ra ilé ti là. Wọ́n á ní, láti ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ti ń ta ilé yìí, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò rà á? Wọ́n á wá máa wá àléébù tí kò sí níbẹ̀.

Iye owó tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò náà ńkọ́? Ẹni tó kọ iye ilé rẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023, kí náírà tó já wálẹ̀, kò jẹ́ tà á ní iye yẹn lónìí. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí irú rẹ̀. Ẹni tó ń wá ilé á ti ṣírò owó, á ti bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, kó tó gbọ́ pé iye àtijọ́ ni.

Éjẹ́ǹtì kan bi mí pé, "Àǹtí, tí mo bá ya ògiri tó sán, ta ló máa pè mí?"

Ọ̀pọ̀ wa tó lọ ilé-kéú ló ti gbọ́ ìtàn ọkà tútù lẹ́nu àáfà. Ànábì kọjá lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọkà lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì, ọwọ́ rẹ̀ kan ibi tó tutù. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò gbé èyí tó tutù sókè, kí àwọn èèyàn lè rí i. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ "sókè" yẹn gan-an. Kò ní kó da ọkà nù, kò ní kó má tà á. Kó gbé e sí ibi tí ojú á ti rí i ni.

Torí náà, ògiri tó sán, ẹ yà á. Ojú ọ̀nà tí omi ń dí, ẹ yà á lẹ́yìn òjò, pàápàá ilé tó sún mọ́ Odò Asà tàbí ojú àgbàrá, torí pé kò sí ilẹ̀ tí kì í dára lójú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá rí gbogbo rẹ̀ tó ṣì pè yín, ẹni tó fẹ́ rà á nìyẹn. Kò ní dé ẹnu ọ̀nà kó wá fi ògiri fa owó yín wálẹ̀, torí ó ti rí i kó tó kúrò nílé. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó, l'Ábújá àti lókè òkun, fọ́tò yẹn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó rán ẹnì kan wá, wọ́n sì ń san owó wíwo ilé fún éjẹ́ǹtì. Owó yẹn kì í padà.

Kò gba kámẹ́rà olówó ńlá. Ẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù yín, ẹ dá a bùúlẹ̀, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ilé tó kọjú sí ìlà oòrùn, àárọ̀ ni kí ẹ yà á. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ìrọ̀lẹ́. Nínú yàrá, ẹ dúró sí igun, ẹ ká kọ́tìnì. Ẹ ya kànga, ẹ ya táńkì, ẹ ya mítà. Tí ayálégbé bá ń gbébẹ̀, ẹ tọrọ àyè, ẹ má ya ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọn. WhatsApp máa ń yọ ọjọ́ tí a ya fọ́tò kúrò lára rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ náà sábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ilé tí wọ́n ti tà tí fọ́tò rẹ̀ ṣì ń rìn kiri. Ẹ mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ìkìlọ̀ yẹn ò lè hàn nínú fọ́tò tí wọ́n ti yà kí wọ́n tó kọ ọ́, fọ́tò yẹn gan-an sì ni gbájúẹ̀ ń fẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ta ilé, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí pé ó ti lọ.

Sátidé tó kọjá la tún ya ilé bàbá wa. Fẹ́ńsì tuntun wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ ìdí ògiri wà níbẹ̀, kùkùté máńgòrò náà sì wà níwájú, gedegbe. Mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá Òṣogbo, mo kọ ọjọ́ sí i. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ìyá fẹ́ mọ̀ bóyá ewé ni òun ń rí lára kùkùté yẹn.

Mo ní ewé ni. Ó ti ń rú.