Ẹ Béèrè Ọ̀rọ̀ Kí Ẹ Tó Ta Oògùn Inú

Ẹni tó bá dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta oògùn lórí àtẹ ní ọjà Wàńdò, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, yóò rí bí wọ́n ṣe ń fi àlùmọ́gàjí gé káàdì oògùn sí wẹ́wẹ́: hóró mẹ́rin fún ẹni tí inú ń run, hóró méjì fún ẹni tí àyà ń ta. Etí káàdì ni wọ́n sábà máa ń kọ ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ sí, ibẹ̀ sì ni àlùmọ́gàjí ń gbà kọjá. Orúkọ oògùn á ku ìdajì. Oníbàárà á gbà á, á sọ ọ́ sẹ́nu, á fi omi tútù tẹ̀lé e, ó di ọjọ́ mìíràn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nǹkan kan ju iye tó fẹ́ rà lọ.

Ìwé ìròyìn yìí kò bá oògùn inú jà. Ẹni tó jẹ ẹ̀wà àti gàrì tán, tí inú rẹ̀ le gbandi, tí kò lè tẹ̀, tí kò lè nà, ó yẹ kó rí ìtura, oògùn tó ń fúnni ní ìtura bẹ́ẹ̀ sì wà. Simethicone máa ń fọ́ ìfófòó tó dá afẹ́fẹ́ dúró sínú, kí èèyàn lè gùfẹ̀ tàbí kó só. Kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn oògùn funfun tí à ń mì kí a tó mu, tàbí tí à ń rún lẹ́nu, ń pa kíkan omi inú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó ní magnesium lè mú kí ìgbẹ́ rọ̀, èyí tó ní aluminium lè mú kó le, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi sábà máa ń po méjèèjì pọ̀. Bí èèyàn bá lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì lò ó bó ṣe yẹ, ewu rẹ̀ kéré. Àwọn ìyá wa tó ń rẹ ẹ̀wà mọ́jú, tí wọ́n sì ń da omi rẹ̀ nù kí wọ́n tó sè é, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú: omi yẹn ń gbé lára ohun tó ń di afẹ́fẹ́ nínú wa lọ.

Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí a máa ta á láì béèrè ọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ lórí àtẹ, ì báà jẹ́ nínú fámásì.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń gun zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà akérò, láti Kétu lọ sí Pọ́bẹ̀. Bó bá di alẹ́, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó ra ibuprofen tàbí diclofenac. Oògùn ara ríro ni wọ́n, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ikùn ṣe ní omi kíkan tó ń da oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ló ní ìbòrí yíyọ̀ tí kì í jẹ́ kí omi náà jẹ ẹran ara ẹni. Ìbòrí yìí ni oògùn ara ríro ń sọ di fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un, onítọ̀hún gbé oògùn inú fún un. Láti ọjọ́ náà, méjèèjì ló ń rà pọ̀ lálaalẹ́. Owó méjì ló ń san lórí àìsàn kan, ọwọ́ ẹnì kan náà ló sì ń san án sí. Àyà tó ń ta á lè rọlẹ̀, kí ọgbẹ́ inú máa jẹ lọ ní tirẹ̀, títí di ọjọ́ tí yóò máa bi ẹ̀jẹ̀. “Oògùn wo lẹ tún ń lò?” Ìbéèrè kan yìí péré ni ì bá gbà á sílẹ̀.

Àwọn mìíràn kò lo oògùn ara ríro rárá, inú wọn kò sì yéé dùn wọ́n. Nílé wa, ata ni a máa ń bá wí, tàbí ìrònú. Ní ọdún 1982, Barry Marshall àti Robin Warren, dókítà méjì ní Ọsirélíà, rí kòkòrò kan nínú ikùn àwọn tó ní ọgbẹ́ inú. Helicobacter pylori lorúkọ rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2005. Àyẹ̀wò èémí tàbí ìgbẹ́ lè fi hàn bóyá kòkòrò náà wà lára èèyàn, oògùn tó ń pa kòkòrò, tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ irú omeprazole tó ń dín omi kíkan inú kù, sì ń lé e lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Oògùn funfun kò lè pa á láé, bí èèyàn tilẹ̀ mu ún fún ogún ọdún. Ẹni tó ń rà á lọ́dọọdún láì ṣe àyẹ̀wò ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Omeprazole fúnra rẹ̀ ti di ohun tí à ń lò bó ṣe wù wá. Kì í ṣe oògùn afẹ́fẹ́ inú. Kí a tó jẹun ni à ń lò ó, ẹni tó bá sì fúnra rẹ̀ rà á kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 14 kó tó lọ rí dókítà. Aláboyún tó gba oògùn ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ní irin nínú) ní ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ mu ún pa pọ̀ mọ́ oògùn funfun, torí èkejì kì í jẹ́ kí èkíní wọ ara dáadáa. Kí ó fi wákàtí méjì ó kéré tán sáàárín wọn. Ìyá àgbà ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú, bó bá ń po bicarbonate mu ní gbogbo ìgbà tí inú bá wú, iyọ̀ ló ń bù kún ara rẹ̀.

Ta ló yẹ kó sọ gbogbo èyí fún wọn? Ìwé inú páálí kò lè sọ ọ́. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, èyí tó sì gba ẹnubodè Ìgolò tàbí Ìlárá wọlé láti Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn tó ń ra oògùn yìí, Yorùbá àti Gùn ni wọ́n ń sọ, púpọ̀ nínú wọn kò sì ka ìwé. Ẹnu ẹni tó ń tà á nìkan ló kù.

Jacques Chirac, ààrẹ ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀, wá sí Kútọnu ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2009 láti ké sí ayé lórí ayédèrú oògùn. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ọlọ́pàá ya wọ Adjégounlè, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu, wọ́n kó oògùn àtẹ rẹpẹtẹ. A gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ojú títì kò tíì di ibi tí a kò ti lè rí oògùn inú rà, kò sì ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀: àtẹ wà nítòsí, ó ń ta hóró kan, ó sì ń kí èèyàn ní èdè rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn fámásì Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ kò le. Ẹ fi ẹni tó gbọ́ èdè oníbàárà síwájú. Kí ó béèrè ọjọ́ tí inú ti ń dùn ún, oògùn tó ń lò, bóyá ó lóyún, bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó tó gba owó. Kí ìjọba rí sí i pé ẹni tí igba fáràǹ péré wà lápò rẹ̀ lè ra káàdì kan níbẹ̀, tí orúkọ àti ọjọ́ rẹ̀ pé. Kí rédíò máa ka àwọn ìkìlọ̀ yìí sétí àwọn ará oko ní Yorùbá.

Ẹ̀yin ìyá wa tó wà nídìí àtẹ, a mọ̀ pé ọmọ lẹ ń bọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bi ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ń rù láì mọ ìdí, ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́nà ọ̀fun, ẹni tí àyà ń dùn dé apá tó sì ń làágùn, ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà tí kì í sì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ló ń lò: ẹ má ta nǹkan kan fún un. Ẹ bá a pe zémidjan, kó máa lọ sí ọsibítù.