Ẹni tó gé àpòlúkù tí àyà ṣì ń ta, kì í ṣe wọ̀bìà

Ìgbà kẹta tí mo ta jí lóru ọjọ́ yẹn, omi kíkan ti dé ẹ̀yìn ahọ́n mi. Mo wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Aṣọ ìrọ̀rí ti tutù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ṣíbí mẹ́rin ẹ̀kọ mímu ni gbogbo ohun tí mo jẹ lálẹ́, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo sì ti jẹ ẹ́. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù láàárọ̀, ó ní: "Àbúrò mi, ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run o. Wọ́n ti bá ọ gé ikùn, ìwọ náà bá wa gé ẹnu."

Kò sọ ọ́ tìkàtìkà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ ló sọ: pé nígbà tí àpòlúkù ti kéré, omi kíkan inú rẹ̀ náà ti kéré, nítorí náà bí àyà bá ṣì ń ta ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanra, àjẹjù ni, tàbí ata. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní London níbí, mo ti gbọ́ ọ láti Ìbàdàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Sleeve ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ abẹ tí mo ṣe. Wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù jù nù, èyí tó kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹmu ṣàlàyé. Ẹ bu ẹmu sínú akèrègbè: bó ti wù kó hó tó, ikùn akèrègbè gbòòrò, ìfófòó rí ibi gbé. Ẹ wá bu ẹmu kan náà sínú ìgò tóóró, kí ẹ dé e pa. Ìdérí á fò. Apá tí wọ́n gé jù nù lára wa yẹn gan-an ló máa ń fẹ̀ nígbà tí oúnjẹ bá wọlé. Òun ni ikùn akèrègbè wa. Èyí tó kù kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, iṣan tó ń dí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà òkè ni ohun inú rẹ̀ ń tì sí. Lóòótọ́, omi kíkan tó kù kò pọ̀ tó ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba yẹn tó láti bó ọ̀fun.

Kò tán síbẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọnú àpòlúkù, igun kan wà tó ń ṣe bí ìlẹ̀kùn, iṣẹ́ abẹ yìí sì lè ba igun náà jẹ́. Òkè àpòlúkù ẹlòmíràn ti yọ gba ihò inú iṣan tó pààlà àyà àti ikùn, ó ti wọnú àyà lọ. Ti ẹlòmíràn, ibì kan lára ọ̀pá tuntun yẹn ló fún jù tàbí ló lọ́. Èwo nínú wọ̀nyí ni ebi pípa lè wò sàn?

Ní Finland, wọ́n mú 240 èèyàn, wọ́n ṣẹ́ kèké fún wọn: àwọn kan ṣe sleeve, àwọn yòókù ṣe bypass, irú èyí tí wọ́n ti ń fi àpò kékeré kan sílẹ̀ lókè àpòlúkù, tí wọ́n á sì so ìfun mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọdún 10, wọ́n fi kámẹ́rà wo ọ̀fun wọn. Nínú 100 àwọn tó ṣe sleeve tí wọ́n wò, ọ̀nà ọ̀fun 31 ti pọ́n, ó ti ń bó. Lára àwọn oní-bypass, 7 péré ni. Ṣé kèké ló kó gbogbo wọ̀bìà jọ sí apá kan ni?

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìtìjú tó ń kó bá èèyàn. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dákẹ́ tí mo ń lá káún. Káún sì rèé, bó bá pàdé omi kíkan, afẹ́fẹ́ ló ń dá, nínú ìgò tóóró! Omeprazole tí wọ́n kọ fún mi, oògùn tó ń dín omi kíkan inú àpòlúkù kù, ìgbà tí mo bá fẹ́ sùn ni mo ń lò ó, àfi bí ẹni da oògùn nù. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí èèyàn tó jẹun ló yẹ kó lò ó, torí oúnjẹ ló ń jí ohun tí oògùn náà fẹ́ dá dúró. Mo tún kó ìrọ̀rí mẹ́ta lé ara wọn, kò mọ̀ ju kó tẹ̀ mí níbi ikùn lọ. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé a ki igi sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi orí, ó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo ń fi sùn, wákàtí mẹ́ta sì gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn oúnjẹ kí n tó dùbúlẹ̀.

Oògùn kì í tún ìlẹ̀kùn ṣe, ṣá. IFSO, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣẹ́ abẹ ìsanra, gbà pé kí wọ́n fi kámẹ́rà wo ẹni tó ṣe sleeve lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn náà ní ọdún méjì sí mẹ́ta síra, kódà bí àyà kò bá ta á. Omi kíkan tó ń jó ọ̀fun fún ìgbà pípẹ́ lè yí awọ inú rẹ̀ padà, ti àwọn díẹ̀ sì lè di jẹjẹrẹ. Bí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, tí ẹ bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn. Bákan náà ni ìrora àyà tó bá nà dé apá tàbí àgbọ̀n: ó lè jẹ́ ọkàn.

Nígbà tí wọ́n wò mí, òkè àpòlúkù mi ló ti yọ wọnú àyà. Wọ́n lè tún un ṣe, wọ́n sì lè sọ sleeve di bypass, níbi tí àpò kékeré tó kù lókè kò ti fi bẹ́ẹ̀ ní omi kíkan. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ bá dókítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ìgbà tó ń ta yín, bóyá ẹ wà lórí ìdúró tàbí ẹ dùbúlẹ̀, àti adùn ẹnu yín. Bó bá kan, ẹ kọ kíkan. Bó bá korò, ẹ kọ kíkorò, torí ó lè jẹ́ òróòro ló ń gòkè, omeprazole kì í sì í dá òróòro dúró.