Bí Abẹ́rẹ́ Ti Kéré Tó

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ẹnu ẹni tí wọ́n fojú tín-ín-rín la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí. Á fọwọ́ sọ̀yà, á ní kí ẹni tó tóbi rọra. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkéré ló gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ adìyẹ. Ọkà bàbà náà kéré, adìyẹ ń ṣà á jẹ látàárọ̀ dalẹ́. Irin tó wà lára abẹ́rẹ́, àti ẹnu rẹ̀ tí wọ́n pọ́n, ni adìyẹ ń sá fún.

Sewanee ni mo fẹ́ fi gbe òwe náà lẹ́sẹ̀, yunifásítì kékeré kan ti ìjọ Episcopal, lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Tennessee, l'Ámẹ́ríkà. Lọ́dún 1899, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ra sáré, ṣì wà ní kékeré. Ẹnikẹ́ni ò tíì lè ju bọ́ọ̀lù síwájú fún ẹlòmíì, ọdún 1906 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Àyà àti èjìká ni wọ́n fi ń kọlu ara wọn, ọ̀pọ̀ ò sì dé akoto.

Sewanee àti Vanderbilt, yunifásítì mìíràn ní Tennessee, ń fà á lórí owó géètì, wọn ò bá ara wọn gbá lọ́dún náà, owó ibẹ̀ sì bọ́. Luke Lea, akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ máníjà ẹgbẹ́, wá ṣètò ìrìn àjò ojú irin tó tó máìlì 2,500. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kọkànlá, wọ́n na yunifásítì Texas 12 sí 0. Lọ́jọ́ kejì, yunifásítì Texas A&M, 10 sí 0. Lọ́jọ́ kẹta, Tulane, 23 sí 0. Ọjọ́ Ìsinmi dé, wọ́n sinmi. Lọ́jọ́ Ajé, LSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana, 34 sí 0. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mississippi gba tirẹ̀ ní Memphis, 12 sí 0. Ìdíje márùn-ún láàárín ọjọ́ mẹ́fà, kò sì sẹ́ni tó rí àmì ayò kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bá ìtàn náà dé. Omi àti bàtà ni tèmi. Kí omi ibòmíràn má baà da inú wọn rú, wọ́n pọn omi ìsun òkè wọn sínú àgbá, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin. Ní ti bàtà, ọkọ̀ ti gbéra kí wọ́n tó rí i pé bàtà bọ́ọ̀lù ṣì wà ní ibùdókọ̀ nílé. Máníjà ò ní kí oníkálukú lọ wá tiẹ̀. Ó tẹ wáyà sílé, wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn kó o tẹ̀ lé wọn, ó sì bá wọn kí wọ́n tó wọ pápá.

Ìwọ tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ kékeré, tàbí ẹgbẹ́ kékeré, tàbí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ibí ni mo fẹ́ kó o wò. Ẹni ńlá lè gbàgbé bàtà, kó ra òmíràn. Ìwọ ò lè ṣe é. Kíka bàtà gan-an ni pípọ́n ẹnu abẹ́rẹ́. Mo mọ àwọn tó ń fi "a kéré, àmọ́ ẹ̀rù wa ń bani" ṣe orin, tí wọn ò sì mọ ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ìdíje 12 ni Sewanee gbá ní sáà náà, ó borí gbogbo rẹ̀, àmì ayò 322 sí 10. Auburn, tí John Heisman ń kọ́, ló gba gbogbo 10 náà, 11 sí 10 ni Sewanee sì fi bọ́. Mo fẹ́ràn ìdíje yẹn ju ti LSU lọ, torí ibẹ̀ ni adìyẹ ti gbé abẹ́rẹ́ dé ọ̀nà ọ̀fun.

Abẹ́rẹ́ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Lọ́dún 1932, Sewanee wà lára àwọn tó dá SEC, líìgì àwọn yunifásítì gúúsù Amẹ́ríkà, sílẹ̀. Àwọn yòókù ti di ńlá, owó ti wọ eré náà. Títí Sewanee fi jáde lọ́dún 1940, kò borí ìdíje líìgì kan ṣoṣo. Àwọn kan ka jíjáde yẹn sí ìtìjú, èmi ò kà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n padà sí ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń rán aṣọ, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù lórí òkè náà títí dòní, láìfi owó ẹ̀kọ́ fa ẹnikẹ́ni wá nítorí eré.